Ohun Tí Pẹ́ńsùlù Kọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé

Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ní Pítábọ́rọ̀,
ó bo ọkọ̀, ó bo ipa ẹsẹ̀ ológbò.
Aago mọ́kànlá òru ku ìṣẹ́jú méje tí mo wọlé iṣẹ́.
Màmá Gábọ́ọ̀tì ò tí ì sùn,
ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, eyín rẹ̀ nínú ife omi.
"Bá mi ka ìwé ìyá ìyá mi.
Bó o bá kà á tán, màá gbé oògùn mì."

Ìwé pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.
Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́,
láyé ọbabìnrin tó ṣọ̀fọ̀ ọkọ fún ogójì ọdún.
Ọmọdébìnrin kan ń kó eérú nílé olówó;
ó rí ṣíbí fàdákà nínú eérú.
Ebi ń pa á. Ìyá rẹ̀ ń wúkọ́ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀.
Ó fi etí aṣọ nu ṣíbí, ó gbé e fún ìyá ilé.
Ìyá ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá ilé fún un ní ọsàn kan.
Lóru ọjọ́ náà òtútù pa ọmọ lójú pópó,
ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀,
áńgẹ́lì méjì sì gbé e, wọn ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan yìnyín.

Mo mọ ìtàn yìí!
Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Tíṣà Adégbolú sọ ọ́ fún wa,
pàṣán lórí tábìlì;
ọyẹ́ ló fi rọ́pò yìnyín.
A sunkún. A lọ pọn omi sílé tíṣà.

Ta ló kọ ọ́?
Ẹni tí ẹlòmíì ti dáná sí yàrá rẹ̀ kó tó jí.
Ta ló rà á?
Àwọn ìyáàfin oníbọ̀wọ́, wọ́n ra méjìlá-méjìlá,
wọ́n pín in fọ́mọ aláìní bí ẹni pín oògùn aràn.
Kò sẹ́ni tó kọ ìtàn kan fún ìyá ilé
pé bó bá ka ṣíbí rẹ̀ tán,
kó ka àwọn tó ń wúkọ́ lábẹ́ ilé.

Lọ́tì lorúkọ ìyá ìyá rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, wọ́n kó o sọ́kọ̀ ojú omi
pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ìṣẹ́ ṣà jọ ní ìgboro,
àpótí kan, ìyarun kan, ìwé yìí.
Oko kan lẹ́bàá Òmíìmì ló bá a dé.
Òkè ibùjẹ màlúù ló ń sùn;
owó iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé tí kò fojú kàn rí.
Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Lọ́tì ò kú. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé.

Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ ti ń nu ṣíbí.
Pẹ́ńsùlù, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ:
*Èmi ì bá tà á.*
Nísàlẹ̀, ọwọ́ náà ti dàgbà, ó ti gún:
*Mà bá fi ra oògùn ikọ́.*

Màmá Gábọ́ọ̀tì rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń dún.
"Tún ìyẹn kà."
Mo tún un kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta,
òun náà ń fi ètè sọ ọ́ tẹ̀ lé mi.
Lẹ́yìn náà ló la ẹnu fún oògùn.

Aago mẹ́ta òru, mo lọ sí yàrá ìsinmi.
Àwọn tó gbà wá síṣẹ́ ti yọ tiwọn nínú owó wa.
Wọ́n kó ọsàn sórí tábìlì, ẹyọ kan fẹ́nì kan,
pẹ̀lú káàdì: *Akọni ni yín, ọ̀run yóò san án.*
Mo bó tèmi. Ó dùn, n ò ní purọ́.
Mo fi ọwọ́ tó ń rùn ọsàn
tú báàgì mi, mò ń wá pẹ́ńsùlù.